Ègbo Tí Bùrọ̀dá Kọ́lápọ̀ Dà Nù

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀gbẹ́ Adéníji Adélé,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹjọ, 1954.

Rónkẹ́, ọmọ ìyá mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ìbàdàn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara àwa náà le, àfi pé inú ń bí mi, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

A bọ Òrìṣà-ńlá ilé wa lọ́jọ́ Sátidé. O mọ Bùrọ̀dá Kọ́lápọ̀, akọ̀wé lọ́yà ní Igbosere, tí a kì í rí nídìí òrìṣà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe olórí ètò, ó ti fi tàípù tẹ òfin mẹ́wàá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: a kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí ègbo òrìṣà, a kò gbọdọ̀ fi epo sí i, ẹni tó bá pọn omi òrìṣà ní ìdájí kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbé e délé. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láìmọ̀wé ni ọ̀gbẹ́ni wá ń kọ́ wa, bí ẹni pé kóòtù ni òrìṣà ń gbé.

Àbẹ̀ní, opó Àkàndé àbúrò bàbá wa, ní ọmọ kan ṣoṣo tó ń ṣàìsàn. Ó pé ọjọ́ mẹ́fà tí oúnjẹ kankan kò dúró nínú rẹ̀. Àbẹ̀ní jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun yóò se ègbo fún òrìṣà kí ọmọ náà má bàa kú. Ó ṣa àgbàdo funfun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń gbé omi bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ, Àlímọ̀t aládùúgbò wa bi í pé ọmọ ńkọ́. Ó ní, "Ó ṣì ń mí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bùrọ̀dá gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Ó dúró kí obìnrin náà se ègbo tán, kó gbé e wá síwájú gbogbo ẹbí, ó wá ní omi rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Àwọn àgbà máa ń bẹ òrìṣà pé bí kò bá lè gbeni, kó ṣeni bó ṣe bá ni. Kọ́lápọ̀ kò tilẹ̀ fi Àbẹ̀ní sílẹ̀ bó ṣe bá a. Mo dúró níbẹ̀, Rónkẹ́, mi ò la ẹnu mi.

Ègbo tirẹ̀ wá dé nínú àwo tánganran. Wọ́n fún òrìṣà, wọ́n pín in fún wa. Iyọ̀ ni ṣáá! Ìyàwó rẹ̀ kò sè é rárá, ọ̀dọ̀ Hàwáwù tó ń ta ègbo ní ọjà Sandgrouse ló ti rà á. A ń wo ojú ara wa, a ń gbé e mì bí ẹni ń gbé oògùn mì. Ìyá Àgbà nìkan ló tu tiwọn sí àtẹ́lẹwọ́.

Wọ́n ní, "Kọ́lápọ̀, ta ló fi iyọ̀ sí i?"

Ó wú ikọ́, ó ní, "Ìyá, òfin ní ká má fi iyọ̀ sí i. Èmi ò fi sí i, ìyàwó mi ò fi sí i. Ẹni tó tà á ló fi sí i, ẹni yẹn kì í sì í ṣe ara ẹbí wa."

Irú ẹnu yìí ló fi dá Àbẹ̀ní lẹ́bi nítorí gbólóhùn kan.

Ìyá Àgbà ní kí n lọ bèèrè bóyá ó kù díẹ̀ nínú ìkòkò Àbẹ̀ní, kí wọ́n fi í fún òrìṣà. Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé mi wá, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Mo ti fi ìyókù bọ́ ọmọ. Ó jẹ ẹ́, kò sì bì í."

Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n wá ní, "Dìde nílẹ̀. Òrìṣà ti jẹun."

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni, tìrẹ tí ojú ara rẹ̀ ń tì í,
Modúpẹ́.