Ohun Tí Mo Tẹ́ fún Sísí

Ọjọ́ Ajé, 6 Máàṣì, 1911
Sísí, adìyẹ mi, tún ti ta koríko inú apẹ̀rẹ̀ dànù. Kòkòrò ló kún inú rẹ̀. Ẹyin méjì fọ́. Ìyá, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ láti Kérésì, fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé míṣọ́nnì ò kọ́ mi ní adìyẹ sísìn.

Ọjọ́bọ̀, 9 Máàṣì
Háhá àgbàdo: èèrà bò ó. Èérún igi tí mo gbà lọ́wọ́ káfíńtà ní Bẹẹrẹ: Sísí sín títí. Alákọrí adìyẹ! Mo rí ẹrù àkísà kan lókè àjà, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Mo tẹ́ ẹ. Sísí jókòó wọ̀ọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13 Máàṣì
Sísí ti sàba lórí ẹyin mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Máàṣì
Yéè! Àkísà kọ́! Ìyá ní kí n gbé ẹrù òkè àjà wá kí òun wò ó. Aṣọ etù tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ni, tó tọ́jú pé kí a fi sin òun. Ta ló sọ fún mi? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo gbé lọ́dọ̀ òyìnbó. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n lé Sísí dìde lórí rẹ̀. Ìyá ní rárá o, a kì í lé abiyamọ kúrò lórí ẹyin. Ọjọ́ mọ́kànlélógún náà ni, òun á dúró dè é. "Mi ò ní í lọ bá àwọn baba mi níhòòhò."
Ojú tì mí. Inú mi sì dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́rú, 22 Máàṣì
Ìyá mu ẹ̀kọ. Ó béèrè Sísí.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Épírílì
Ọ̀la ni Sísí máa pamọ. Mi ò fẹ́ kí ọ̀la dé. Mo ti ẹyin tuntun mẹ́fà bọ abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Épírílì
Òròmọdìẹ mẹ́jọ. Sísí ò dìde. Ẹyin mi dá a dúró!

Ọjọ́rú, 5 Épírílì
Mo ti ọjà dé — apẹ̀rẹ̀ ṣófo. Sísí ń kó ọmọ jẹ̀ kiri àgbàlá. Etù wà lórí okùn, omi ń kán lára rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nílé àfi Ìyá. Ìyá tí kò dìde láti Kérésì! Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, omi aṣọ ò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó nawọ́ igbá sí mi, ẹyin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. "Àgbékẹ́, mo rí wọn. O ṣeun, ọmọ mi. Ó tó."
Ó ní kí n wá jókòó ti òun títí aṣọ á fi gbẹ. Oòrùn mú púpọ̀ lónìí.