Módẹ́ẹ̀mù Tó Wà Nínú Àpótí Aṣọ Ìyá Rẹ

Taofeek Àkànní ọmọ mi,

Irọ́ ni mo pa fún ọ. Módẹ́ẹ̀mù tí o fi rán Sùlè onímọ́tò sí wa kí Iléyá tó dé, tí mo sọ fún ọ lórí tẹlifóònù pé ó ń ṣiṣẹ́, pé iná rẹ̀ ń tàn bí ojú ológbò, kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan rí. Inú àpótí aṣọ ìyá rẹ ló wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bí o bá ti pè, tí o bèèrè pé íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ẹnu mi á kàn dá ọ lóhùn fúnra rẹ̀ pé dáadáa ni.

Mo mọ̀ pé kí n kọ́kọ́ kí ọ ló yẹ. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Jakande lọ́hùn-ún? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà Ajah tó ń gbé ọ lọ gbàgbé bí yóò ṣe máa gbé ọ bọ̀. Ara ìyá rẹ le. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí méjì, ọ̀kan sì ti yọ́ wọ pápá àwọn olówó tó ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò, ó jẹ nínú koríko wọn kí wọ́n tó lé e jáde. Koríko náà bá a lára mu, ara rẹ̀ ń dán. Gàníyù àbúrò mi ti kọ́lé rẹ̀ dé òrùlé. Waliyat àbúrò rẹ ń kí ọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ló sì mú mi jókòó.

O mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọ̀ tún fún un láàyè kan sí i, kí wọ́n lè fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Ti àkọ́kọ́, ilé kọ̀ǹpútà kan ní Ṣàngótẹ̀dó ló ti ṣe é, ariwo ọjà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì sì já nígbà tó ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún wọn. Yàrá tìrẹ náà, àwa méjèèjì mọ ẹ̀rọ ìlọta tó wà lábẹ́ fèrèsé rẹ. Ìdí nìyẹn tí o fi ra módẹ́ẹ̀mù, kó lè jókòó nínú ilé bàbá rẹ̀ kó sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀rùn. Ọjọ́bọ̀ yìí ni. Wọ́n ní kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Òní ti di Ìṣẹ́gun.

Taofeek, kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ. Ìwé pẹlẹbẹ inú páálí rẹ̀ ni mo kà. Mo kà á tán pátá, torí mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, n kì í sì í ṣe ẹni tí í fojú di ìwé. Òfin ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kó má sì fọwọ́ kan wáyà tẹlifóònù rẹ̀, nígbà tí àrá bá ń sán. Ní Lákòwé, nínú òjò ọdún yìí, ìgbà wo ni àrá kì í sán? Bí òjò bá ti ṣú, ìyá rẹ á da aṣọ bo dígí, á tún fi ìborùn rẹ̀ bo módẹ́ẹ̀mù, gbogbo wa á wá jókòó jìnnà sí i bí ẹni tó gba ọlọ́pàá lálejò.

Ìwé náà tún ní ohun tó ń dún lórí wáyà kan kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ. Mo kà á: tẹlifóònù ilé, fóònù ọwọ́ mi, ti ìyá rẹ, ti Waliyat, àti aago tó ń jí wa fún ìrun àsùbáhì. Ó ti pé. Mo ní kí ìyá rẹ pa tirẹ̀, ó ní ṣé òun ni ẹ̀rọ fẹ́ kọ́kọ́ lé kúrò nínú ilé yìí. Waliyat ní Bàbá, ohun tí wọ́n so mọ́ wáyà nìkan ni wọ́n ń wí, ẹ fi aago sílẹ̀.

Mo yí abẹ́ rẹ̀ wò bóyá màá rí òǹtẹ̀ ìjọba, torí wọ́n ní èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀, a kò gbọdọ̀ so ó mọ́ wáyà rárá. Àwòrán agolo ìdọ̀tí ni mo rí, tí wọ́n fa igi lé lórí. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Àbí orí ààtàn ni wọ́n ti ṣà á, tí ìjọba wá wọ́gi lé e? N kò fẹ́ bi ọ́ níbi tí o ti rà á, torí bí o bá sọ fún mi, mo ti di ẹlẹ́rìí.

Èyí tó wá kó mi sí wàhálà ni pé wọ́n ní kí á kọ́kọ́ fi tó àwọn tó ni wáyà létí kí á tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Ìwọ náà mọ ìlú wa. Ta ló ń fi búlọ́ọ̀kù lélẹ̀ níbí láìkọ́kọ́ sọ fún onílẹ̀? Inú àgbàlá Bàbá Ògúnkúnlé tí ilé wọn bá tiwa pààlà ni òpó wáyà náà dúró sí. Mo bá fi aṣọ funfun wé módẹ́ẹ̀mù, mo mú obì dání, mo gbé e lọ fi han Bàbá. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbọ̀n ọ́n wò, wọ́n ní kò wúwo fún ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún un pé kò ní rí ìjà nínú ilé wa. Wọ́n wá jẹ obì, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní ṣé kò ní dí wáyà tàwọn lọ́wọ́?

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí nìyẹn. Nígbà tí àwọn oníwáyà fẹ́ ri òpó wọn, Bàbá Ògúnkúnlé ní àwọn á gbà, àfi tí mo bá pín nínú wáyà mi fún àwọn. Mo pín in. Ràṣídì oníná ló bá mi fà á gba ẹ̀yìn fèrèsé, àwọn oníwáyà kò mọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé fóònù ọwọ́ kì í gbọ́ ohùn ní àdúgbò wa àfi kéèyàn gun òkìtì yanrìn àwọn tó ń kọ́lé, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ Bàbá kò gun òkìtì mọ́. Orí wáyà yẹn ni Ọpẹ́ ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ti ń kí wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ní Sátidé, òjò dá, Waliyat ní ojú òun kò lè gbà á mọ́, ó so módẹ́ẹ̀mù náà mọ́ wáyà. Iná pupa ló tàn, kò yí padà. Kò pẹ́ sí i, Bàbá Ògúnkúnlé ń pariwo láti ẹ̀yìn ògiri pé ta ló ń súfèé sí àwọn létí, àwọn ń bá Ọpẹ́ sọ̀rọ̀. Waliyat yára fà á yọ. Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka rẹ̀ sí ibì kan, ó gbé e fún mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí lórí wáyà tí ilé méjì jọ ń lò, àti pé bí àwọn oníwáyà bá rí i, wọ́n lè gé gbogbo rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò bá mi jà. Ó kàn mú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó lọ sórí òkìtì yanrìn.

Mo pe Ràṣídì. Ó ní Bàbá Taofeek, ìwé ni ẹ kà jù, kí òun gé ti Bàbá Ògúnkúnlé ní Ọjọ́bọ̀, kí a sọ pé àrá ló jó o. Taofeek, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi gbé e kiri. Ìyá rẹ ló ní irọ́ kan ti wà nínú àpótí aṣọ òun, òun kò ní àyè fún èkejì.

Bí mo bá sọ òótọ́, Bàbá lè ní kí wọ́n hú òpó kúrò nínú àgbàlá àwọn, kò sì ní sí wáyà fún ẹnikẹ́ni. Bí n kò bá sọ ọ́, iná pupa ni Waliyat máa bá sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo ń rìn káàkiri ilé. Mo ń bi ara mi pé irú bàbá wo ló ń fi ọ̀nà ọmọ rẹ̀ ra ojú rere aládùúgbò.

Jọ̀ọ́, bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ rán Sùlè, kí n lè ra oyin àti orógbó tí mo máa gbé dání, torí èèyàn kì í bẹ àgbà lọ́wọ́ òfo. Fi rísíìtì módẹ́ẹ̀mù náà sí i, kí ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ agolo yẹn. Má pè mí o, mo lè tún parọ́. Ọlọ́run á bá ọ wá ẹni tí yóò máa sọ òótọ́ fún ọ nílé. Ohun tí o nàwó lé lórí nítorí àbúrò rẹ kò ní ṣòfò.

Èmi bàbá rẹ ni.

Mo ti fọwọ́ sí lẹ́tà yìí tán kí n tó rí i pé n kò sọ èyí tí màá ṣe. Lọ́la, bí a bá ti kírun àsùbáhì tán, kí òjò tó ṣú, n kò ní dúró de owó oyin mọ́, màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ògúnkúnlé, màá ní wáyà tí mo pín fún wọn kò bófin mu, nígbàkígbà tí Ọpẹ́ bá sì pè sílé wa, èmi fúnra mi ni màá sáré wá pè wọ́n. Wọn ìbáà gbà, wọn ìbáà kọ̀, ibẹ̀ ni màá ti pe Ràṣídì, kó yọ wáyà náà lójú wọn.