Kò Sẹ́ni ní Kíṣìnnì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Iṣẹ́ aṣẹ́wó ni mò ń ṣe, n ò ní parọ́ fún yín.

Òfin ibí ní obìnrin kan lè dá ṣe é nínú yàrá ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti di méjì, ẹ̀wọ̀n ni. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, Àǹtí Oníkọ́, máa ń jókòó sí kíṣìnnì, wọn á máa húkọ́ kí oníbàárà lè mọ̀ pé n ò dá wà. Ìbẹ̀rù òfin ló jẹ́ kí wọ́n kó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan fún mi lọ́rùn. Mo figbe ta sí kíṣìnnì tó ṣófo: "Àǹtí, ẹ gbé omi gbígbóná yẹn bọ̀!" Ló bá sá.

Mo fẹjọ́ sùn ní tèṣán. Nígbà tí wọ́n mú un, ó ní àwa méjì là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun fetí ara òun gbọ́ bí mo ṣe ń pe èkejì. Ni ọlọ́pàá bá yíjú sí mi: "Ta ló wà ní kíṣìnnì?"

"Kò sẹ́ni."

"Ṣé ìkòkò lo wá ń pè ní àǹtí ni?"

Ọjọ́ Ajé ni kóòtù. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ? Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló gbà mí lọ́wọ́ ikú, òun náà ni wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ tì mí mọ́lé.