Ẹnu Ọ̀nà Ni Wọ́n Fi Mí Sí

Ọjọ́ Ajé, 6 Épírì 2020
Kọ̀rónà ti ti ìlú pa. Gbogbo Òṣogbo jókòó sílé, àfi àwa tí à ń ta oúnjẹ. Ọ̀gá wa ní súpámákẹ́ẹ̀tì — Ọ̀gá Kíákíá ni mo ń pè é, torí ọ̀rọ̀ kan kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ láìsí "kíákíá" nínú rẹ̀ — gbé mi kúrò nídìí gbígba owó. Ẹnu ọ̀nà ni kí n máa dúró, kí n máa fi ẹ̀rọ wo ara oníbàárà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀rọ ọ̀hún rí bí ìbọn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè ní kí n má na nǹkan sí òun lórí, òun kò jalè. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ wọn ni mo padà wọ̀n.

Ọjọ́rú, 8 Épírì
Rùkáyà tí a jọ ń pín iṣẹ́ ṣe kò wá mọ́. Ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀mí kò láàrọ̀. Òótọ́ ni. Èmi ni mo wá ń ṣe tirẹ̀ mọ́ tèmi. Kò sí ìsinmi.

Àbámẹ́ta, 11 Épírì
Oorun kò wá.

Ìṣẹ́gun, 14 Épírì
Ìyá mi pè láti Ìwàrà. Wọ́n ní ṣé mò ń jẹun. Mo ní mò ń jẹun. Wọ́n ní ohùn mi kò dún dáadáa. Mo ní ìbòmú ni — bẹ́ẹ̀, inú yàrá mi ni mo wà.

Ohun tí n kò lè sọ fún wọn: lónìí mo gbé ẹ̀rọ wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, mo dojú rẹ̀ kọ iwájú orí ara mi, mo gbàdúrà pé kó gbóná. Kí wọ́n sáà lé mi lọ sílé kí n lọ sùn. Kò gbóná. Inú bí mi. Irú àdúrà wo nìyẹn?

Àbámẹ́ta, 18 Épírì
Èrò rẹpẹtẹ. Búrẹ́dì fẹ́ tán, èmi ni wọ́n ń bú. Mo dá àwọn kan padà, ara wọn gbóná. N kò rántí ojú ẹnì kankan. N kì í kúnlẹ̀ kí àgbà mọ́. Kò tilẹ̀ dùn mí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Àìkú, 19 Épírì
Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà títí ìrẹsì fi jóná.

Ìṣẹ́gun, 21 Épírì
Bí mo ṣe ń múra iṣẹ́ láàárọ̀, Màmá Wúrà, onílé mi ní àdúgbò Igbona níbí, kanlẹ̀kùn. Wọ́n dúró lókèèrè. Wọ́n ní ibà lásán ni, àwọn ti lo oògùn, ó ti lọ. Mo ní n kò mọ̀ pé ara wọn kò yá.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo dá àwọn padà lẹ́nu ọ̀nà ní Sátidé. Wọ́n ní àwọn fa ìbòmú sílẹ̀ kí n lè rí ojú àwọn. Àwọn fi oríkì pè mí, Àbẹ̀jẹ́, bí àwọn ṣe máa ń pè mí láràárọ̀. Wọ́n ní mo kàn sọ pé, "Ẹ padà. Ẹni tó kàn."

Mo wá a títí nínú orí mi, n kò rí i.

Mo rò pé wọ́n wá bínú ni. Wọ́n ní inú kò bí àwọn, ẹ̀rù ló ba àwọn. Ẹni tí kò gbọ́ oríkì ara rẹ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ jáde. Wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ mi.

Mo pe Ọ̀gá Kíákíá pé n kò wá. Ó ní báwo ni ara mi ṣe gbóná tó. Mo ní kò gbóná rárá, ọkàn mi ló ti rẹ̀, n kò dá èèyàn mọ̀ mọ́. Ó ní kí n wá lọ́la. Mo ní rárá.

Màmá Wúrà ṣì dúró síbẹ̀. Wọ́n ní, "Àbẹ̀jẹ́." Wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè. Ẹkún ni mo fi dáhùn.