Igi Òwú Tó Kù Ní Ìparí Poro

Baámi, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹ tó dé oko,

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ṣì ń sùn, n ó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi bọ inú ìbọ̀sẹ̀, n ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì í lọ́rùn ẹsẹ̀ kí ìrì má bàa wọlé. N ó fi orín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. N ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde lọ sí oko ilé ẹ̀kọ́ wa, níbi tí poro òwú tèmi wà. N kì í sáré. Tí mo bá dé ìdí igi àkọ́kọ́, n ó yí ewé kan dà láti wo abẹ́ rẹ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, n ó wá fi àtàǹpàkò ti ọrùn ewé náà sísàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣí ìdérí ìkòkò gbígbóná. Bí ó bá dún pá, tó já láìbó èèpo igi, àsìkò rẹ̀ ti tó nìyẹn. Bí ó bá ń fa èèpo, n ó fi í sílẹ̀. Èyí tó bá já, n ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí ewé fi gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ ò sọ fún mi, èmi náà ò bi yín. Títí di òní tí ewé ò fi bẹ́ẹ̀ kù lórí wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku igi kan ṣoṣo kí n parí poro, n ó dúró. N ó yí padà. N ó lọ wẹ̀, n ó sì lọ sí kíláàsì.

Nítorí igi kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín.

Mo ti di ará Rẹ́mọ báyìí, bí a bá lè pe ẹni tí kò tíì mọ ọ̀nà ọjà ní ará ìlú. Létí Ìlárá ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Ẹ ò dé ibí rí. Ilẹ̀ ibí tutù, igi obì àti igi kòkó ló bò ó, débi pé tí mo bá gbójú sókè, ojú ọ̀run kì í ju ìwọ̀nba àtẹ́ lọ. Nílé wa ní Òkè-Ògùn, ẹ máa ń rí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ó ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ bá a sọ kó tó dé. Níbí, èèyàn á kàn yọ sí mi láti ẹ̀yìn igi ni, ọ̀rọ̀ á sì pòórá lẹ́nu mi. Àwọn àgbà ibí tún ń sọ èdè Rẹ́mọ wàràwàrà. Kí n tó gbọ́ ìdajì rẹ̀, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán, èmi á wá máa rẹ́rìn-ín tèmi lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Nítorí náà mo dákẹ́. Tóyìn, ọmọ Ìpẹ̀rú tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí tèmi, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé omi lo gbé sẹ́nu ni? Tu ú dànù, jàre!”

Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe omi.

Olùkọ́ wa ló ní kí á dán òwú wò ní ilẹ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín. Ó pín poro fún wa, kálukú gbin tirẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kan irúgbìn náà, mo gbọ́ òórùn àká yín, mo sì ní láti wo ibòmíràn fún ìgbà díẹ̀. Òwú mi hù dáadáa, Baámi. Ó tiẹ̀ hù ju ti àwọn tó kù lọ. Ṣùgbọ́n nílé, ọyẹ́ ló máa ń ṣe ìdajì iṣẹ́ fún wa. Á fẹ́ títí ewé á fi pọ́n, á sì máa rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí àwa tó wá fi ọwọ́ já ìyókù. Níbí, òjò ò mọ̀gbà tó yẹ kó lọ. Òwú ti ń là lábẹ́, ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀ lórí, ó bò ó mọ́lẹ̀, èso ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nínú ọ̀rinrin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fín oògùn tí ń mú ewé já sí gbogbo oko náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já láìsí afẹ́fẹ́. Mo jókòó sí etí oko lọ́sàn-án, mò ń gbọ́ wọn, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí àwọn tó wá báni kẹ́dùn bá ń dìde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọn ò fẹ́ kí á mọ̀ pé àwọn ń lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, oko ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òwú funfun nìkan ló kù lórí igi. Ìgbà yẹn ni mo tó rí òpin poro mi láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Igi kan dúró níbẹ̀ tòun ti gbogbo ewé rẹ̀.

Ó sún mọ́ igi obì kan tí ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀, ọkùnrin tó ń fín oògùn ò lè ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló rí i. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń wọ̀, igi náà ga tó yín gẹ́lẹ́, ewé orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí fìlà yín ṣe máa ń tẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Baámi.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Màmá Ìsarà ni, ìyá àgbà tó máa ń bá wọn roko nínú ọgbà wa.

“Ọmọ yìí, igi lò ń kí un?”

Ìyá náà wo igi, ó wo èmi, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ó dáa náà. Ẹni tí ò bá èèyàn sọ̀rọ̀, á bá igi sọ̀rọ̀. Dìde, ilẹ̀ tutù.”

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò sún mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, tí ewéko kankan ò mì, ewé tirẹ̀ mì. Mo gbọ́ òórùn ìkòkò tábà yín. Ṣé ẹ̀yin ni, Baámi? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, báwo lẹ ṣe mọ ọ̀nà Ìlárá? Kí lẹ wá wò?

Mo rò pé mo mọ ohun tí ẹ wá wò.

Ní oko yín, gbogbo wa la jọ ń já ewé, Mààmi, ẹ̀gbọ́n mi, èmi, àwọn ọlọ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ìparí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi ẹni tó ni oko. Ẹ máa ń kẹ́yìn sí wa. Ẹ ó ṣí fìlà. Ẹ ó já ewé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, láìkánjú, ẹ ó sì ju ewé orí pátápátá sínú fìlà. Ẹ ó wá kọjú sí wa, ẹ ó ní, “Ó yá.” Ìgbà yẹn ni a tó lè ká òwú. Bí òwú ti ń dà sílẹ̀ tó, bí ẹ ò bá tíì sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn, kò sẹ́ni tó máa na ọwọ́.

Lọ́dún tí ẹ lọ, a ti já gbogbo ewé tán, ó ku igi yẹn nìkan. Ẹ ní ó rẹ̀ yín díẹ̀, pé ó di àárọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Àárọ̀ dé, ẹ ò dìde.

Lẹ́yìn tí a sin yín, gbogbo ẹbí wo oko náà. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí á má ká a, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí á ká a. Ta ni ì bá já ewé igi yín? Mààmi ní òun kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá iṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn. Òwú là, ó funfun, ó so rọ̀, afẹ́fẹ́ ń fà á lọ sí ojú títì díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, mo máa ń rí igi yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, nínú funfun gbogbo yẹn, tó dúró bí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan. Mi ò gba ọ̀nà yẹn mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀.

Ọ̀la ni ọkùnrin tó ń fín oògùn ń padà bọ̀ láti parí ibi tó fò, kí á lè bẹ̀rẹ̀ sí í ká òwú. Mo fi igi náà hàn án lónìí nígbà tó wá wo oko. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹyọ kan péré? N ó da gbogbo ìyókù inú táńkì lé e lórí ni.”

Olùkọ́ wa ti kọ́ wa nípa ìyẹn. Bí oògùn bá le jù, ewé á kú kó tó ráyè fi igi sílẹ̀. Á gbẹ mọ́ ọn. Kò ní tutù, kò sì ní já. Á kàn máa rún sórí òwú, á máa bà á jẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ dúró báyẹn, Baámi. Ẹ ti dúró pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n tí mo bá já a, níbo lẹ máa wá dúró sí? Ta ni n ó máa kí ní ìrọ̀lẹ́ ní ìlú tí mi ò ti ní ẹnì kankan yìí?

Mo pe Mààmi lórí fóònù. Mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀.

“Ta ló gbìn ín?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní, “Èmi ni, mà.”

“Ta ló ro ó?”

“Èmi ni.”

“Kí lo wá ń bi mí sí?”

Wọn ò pariwo. Mo gbọ́ tí ìborùn wọn ń ha fóònù bí wọ́n ṣe ń fi nu ojú.

Nítorí náà, lọ́la, kí ọkùnrin náà tó dé, n ó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi bọ ìbọ̀sẹ̀. N ó pe Tóyìn kó sìn mí, bí ó tilẹ̀ máa ráhùn pé mo jí òun. Fìlà yín tí mo gbé wá láti ilé, tí mo ká sí abẹ́ ìrọ̀rí, n ó mú un dání. N ó rin poro mi títí dé òpin, n kò ní yí padà. N ó já ewé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, n ó dojú gbogbo wọn bolẹ̀, n ó sì ju ewé orí sínú fìlà. Lẹ́yìn náà n ó kọjú sẹ́yìn, ẹni yòówù kí ó wà níbẹ̀, n ó sì sọ ọ̀rọ̀ yín sókè ketekete pé, “Ó yá,” kí á lè bẹ̀rẹ̀ sí í ká òwú.

Èmi ni,
ọmọ yín lóbìnrin, tó ṣì ń tọ yín lẹ́yìn nínú poro.