Ìka Méjì Lórí Tábìlì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́.

Bàbá mú mi lọ jẹ ẹran tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, nílé oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú àwọn ará Ṣáínà. Ó ní òun ò débẹ̀ rí. Àmọ́ bí wọ́n ṣe bu tíì fún un, ó fi ìka méjì kan tábìlì kó-kó, bí àwọn oníbàárà ibẹ̀ ṣe ń dúpẹ́. Ara fu mí.

Lánàá, Màmá bu tíì fún aránṣọ rẹ̀ nílé. Obìnrin náà fi ìka méjì kan tábìlì kó-kó. Bàbá sáré wojú mi.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ilé. Màmá ní kí ẹ fi ìwọ̀n yín ránṣẹ́ kí aránṣọ náà lè rán aṣọ yín. Ẹ má fi ránṣẹ́ o.

Àbúrò yín