Àpò Tó Wà Lábẹ́ Bùbá Tuntun

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú tí ẹ fi ń wọ̀nà. Mo kí Bàbá wa, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Mòríámọ̀ àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mòríámọ̀, má fo ibì kankan o, mo mọ̀ ọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ọ̀fà ní Kùmásí ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn Yorùbá nílé, kí àwọn ìyá yòókù tó ní ọmọ níbí lè gbọ́.

Ara wa le. Òjò kò tíì fẹ́ dá, ara ògiri tutù, ọjà sì ń tà díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà Iléyá, mo ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ kó gbogbo aṣọ mi tó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín fún Mòríámọ̀. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ fi aṣọ Ọ̀fà ṣe, èmi tí mo ti di ará Kùmásí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ààwẹ̀ ń bọ̀, mo sì ní kí n tún kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi ṣe kí aṣọ ìtúnu lè ráyè. Aáyán ti sọ ibẹ̀ di ilé. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ìró tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, bùbá tí kò wọ̀ mí mọ́ láti ìgbà tí mo ti bí Ràṣídì, kábà tí mo rán nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ọkọ níbí, tó jẹ́ pé bí mo bá wọ̀ ọ́ báyìí, n kò ní lè mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èyí tó ṣì dára nínú wọn, mo fi ṣe sàárà fún àwọn aládùúgbò, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ààwẹ̀ tó wọlé. Mo gbàgbé pé àwọn ará ibí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àkósúà tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni mo fún ní kábà. Ó bú sẹ́kún. Ó dì mọ́ mi, ó ní òun kò ní gbàgbé mi láéláé, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa lójú ọ̀nà. Mo bi í pé ọ̀nà ibo. Ó nu ojú, ó gbé kábà rẹ̀ lọ. Kò pẹ́, obìnrin ẹlẹ́ja wá bi mí bóyá òun lè mú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Lọ́jọ́ kejì, bàbá onílé wa, arúgbó jẹ́jẹ́ tí a kò bá jà rí, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ojú wọn yàrá wa. Ó rọra bi Bàbá Ràṣídì pé ọjọ́ wo ni a ó lọ, kí òun lè fún ọmọ òun níbẹ̀.

Ìyá mi, nítorí aṣọ tí mo pín, gbogbo wọn ti gbà pé a ń lọ, èmi tí wọ́n ní mò ń lọ kò sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú, pé ìjọba lè lé wọn, ni rédíò ń sọ ṣáá. Bàbá Ràṣídì fi ṣe ẹ̀rín. Ó ní níbí ni wọ́n bí òun sí, ta ni yóò lé òun, lọ sí ibo. Kó lè dá wọn lójú pé a kò lọ síbì kankan, ó ra dàmáàsìkì aláwọ̀ ewé fún mi, ó ní kí n rán aṣọ tí gbogbo àdúgbò yóò rí.

Ọmọ Àṣáńtì ni tẹ́lọ̀ mi, ó mọ ara mi ju èmi fúnra mi lọ. Ó ní òun á tètè rán an. N kò sì sọ fún un pé mo ń kánjú. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ wò nílé, ọwọ́ mi kan nǹkan níbi ìhà. Ó ti rán àpò sí abẹ́ bùbá náà, àpò pẹlẹbẹ tó jìn, tí èèyàn kò lè rí láti ìta. Mo gbé e padà lọ, mo ní n kò bẹ̀ ẹ́ ní àpò. Ojú tì í. Ó ní kí n má bínú, gbogbo ìyá Ọ̀fà tó wá ránṣọ lọ́dọ̀ òun lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló ń bẹ òun kí òun fi irú rẹ̀ sí i, kí wọ́n lè fi owó ọ̀nà pamọ́ síbẹ̀. Òun rò pé mo kàn gbàgbé ni.

Gbogbo wọn! Àwọn tí a jọ ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n máa ń bú ẹni tó bá sọ pé wọ́n á lé wa. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bà mí.

Mo mú abẹ kí n fi tú àpò náà, n kò lè tú u. Mo jókòó, mo gé lára èyí tó kù nínú dàmáàsìkì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán irú rẹ̀ sí abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì Ràṣídì. Bàbá rẹ̀ wọlé bá mi. Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Ńṣe ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú dàńṣíkí rẹ̀ jáde, ó gbé e lé mi lórí itan, ó sì jáde lọ.

Nítorí náà, Ìyá mi, ẹ má tíì fún Mòríámọ̀ ní aṣọ mi. Àbúrò mi, bí o bá ti ń wọ̀ ọ́, jọ̀wọ́ fọ̀ ọ́, kí o dá a padà sínú àpótí. Ẹ sá wọn sóòrùn kí òórùn káńfọ̀ kúrò lára wọn. Bí rélùwéè láti Èkó bá ti ń wọ Ọ̀fà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa yọjú sí tésàn. N kò sọ pé a ń bọ̀ o.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ojú yín kò ní rí ohun tí ọkàn yín ń bẹ̀rù. Ẹ bá mi kí àwọn ẹbí ní Ojoku, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè wa. Ìgbàkígbà tí a bá kanlẹ̀kùn, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀yin lẹ ó ṣí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Sílífátù